Edmond Albius: Ọmọ ẹrú tó fi ọwọ́ ṣí òdòdó fanílà

Ṣé ẹ mọ fanílà? Òun náà ni o, òórùn dídùn tó wà nínú áísìkiriìmù funfun yẹn, tó wà nínú kéèkì ọjọ́ ìbí, tí àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń ro díẹ̀díẹ̀ sínú ìyẹ̀fun láti inú ìgò kékeré. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà báyìí, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń pò ó. Ọdún 1874 ni àwọn onímọ̀ ará Jámánì méjì, Tiemann àti Haarmann, ti rí òórùn náà ṣe láti ara oje igi. Ṣùgbọ́n ojúlówó fanílà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pò. Èso ìtàkùn ni. Ìtàkùn ọ̀hún sì lágídí. Tí wọ́n bá ti gbé e kúrò ní ilẹ̀ baba rẹ̀, àfi kí èèyàn fọwọ́ kan òdòdó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó lè so.

Ẹni tó fi ọ̀nà yẹn han àwọn àgbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lónìí. Ọmọ ọdún 12 ni. Aláwọ̀ dúdú ni. Ẹrú ni. Bí mo ṣe ń ka ìtàn ọmọ yìí, orí mi ń wú, inú sì ń bí mi, àwọn méjèèjì pa pọ̀. Ẹ máa bá mi bọ̀, ẹ ó rí ìdí rẹ̀.

Erékùṣù kékeré kan wà nínú Òkun Íńdíà, ní apá ìlà oòrùn Madagascar. Réunion là ń pè é lónìí. Nígbà yẹn, Bourbon ni wọ́n ń pè é. Abẹ́ àwọn Faransé ló wà. Oko kọfí àti oko ìrèké ló kún ibẹ̀, àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti Madagascar àti láti ìlà oòrùn Áfíríkà ló sì ń ro ó. Ní ọdún 1829, ní Sainte-Suzanne, ẹrúbìnrin kan tó ń jẹ́ Mélise bí ọmọkùnrin. Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá náà kú sí. Pamphile ni orúkọ bàbá. Edmond ni wọ́n sọ ọmọ, ó sì parí síbẹ̀. Kò sí orúkọ ìdílé, torí ẹrú kì í ní in.

Obìnrin tó ni ọmọ náà, Elvire Bellier, fi ta arákùnrin rẹ̀ lọ́rẹ. Ferréol Bellier-Beaumont lorúkọ ọkùnrin yìí. Ó ní oko ní Bellevue, ní Sainte-Suzanne kan náà, ìfẹ́ ewéko àti òdòdó sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ó ń mú Edmond kiri inú ọgbà. Ọmọ náà kò wọ iléèwé lọ́jọ́ kan, kò mọ̀wé kà, kò mọ̀ ọ́n kọ. Etí ló fi ń gba orúkọ igi, ojú ló fi ń kọ́ṣẹ́. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bíi pé Ferréol sọ ọ́ di ọmọ. Èmi ò lè bá wọn débẹ̀ yẹn jàre. Èèyàn kì í fi ọmọ ta arákùnrin ẹni lọ́rẹ bí ẹní fún un ní aago.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí ọkùnrin yìí kọ́ ọ, òun ló sì bí gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù. Irú elégédé kan wà lọ́gbà náà tí wọ́n ń pè ní jolifiat. Ẹni tó bá ti gbin elégédé tàbí ẹ̀gúsí rí á mọ̀ pé òríṣi òdòdó méjì ló máa ń wà lára ìtàkùn kan. Akọ wà, abo wà. Ẹ wo ìdí òdòdó. Abo ti ní èso kóńkó kan lábẹ́ rẹ̀ kó tó là rárá. Akọ ò ní. Lẹ́búlẹ́bú ló wà nínú tiẹ̀. Oyin ló máa ń bá wọn gbé lẹ́búlẹ́bú yẹn láti ọ̀dọ̀ akọ dé ọ̀dọ̀ abo. Tí oyin ò bá wá, èso kóńkó yẹn á rọ, á já bọ́. Ferréol wá fi han ọmọ náà bí èèyàn ṣe lè ṣe iṣẹ́ oyin: já akọ, fi lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kan ẹnu abo. Edmond wò ó, ó sì fi sọ́kàn.

Nínú ọgbà yìí kan náà, ìtàkùn fanílà kan wà tí Ferréol ti ń tọ́jú fún nǹkan bí 20 ọdún.

Mexico ni ilé fanílà. Àwọn Totonac tó ń gbé níbẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò, àwọn Aztec sì ń fi sínú kòkó mímu wọn. Àwọn ará Sípéènì ló gbé èso náà dé Yúróòpù, gbogbo ọlọ́lá ibẹ̀ sì ya wèrè lé e. Fún nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, Mexico ṣì ni ayé ń rà á lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe pé wọ́n fi ìtàkùn pamọ́ o. Wọ́n gbé e jáde dáadáa. Ó hù nínú ilé gíláàsì ní Yúróòpù. Wọ́n gbé e dé Réunion ní 1819, wọ́n tún gbé òmíràn dé ní 1822. Ó ń gun igi, ó ń tanná. Tó bá wá di ọ̀sán, òdòdó á rọ, á bọ́ sílẹ̀. Kò sí èso kankan.

Ẹ jẹ́ ká tú òdòdó ọ̀hún wò, torí inú ẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ẹ já òdòdó hibiscus tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ là á. Ìpele mẹ́rin lẹ ó bá. Ewé tútù ló wà níta, òun ló bo òdòdó mọ́ra nígbà tó ṣì di. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ewé aláwọ̀ tó ń pe kòkòrò wá. Lẹ́yìn náà ni akọ, àwọn fọ́nrán kéékèèké tí lẹ́búlẹ́bú wà lórí wọn. Àárín gbùngbùn ni abo: ẹnu rẹ̀ wà lókè, ó ń lẹ̀ pẹ́pẹ́, ilé ọmọ sì wà nísàlẹ̀. Kí lẹ́búlẹ́bú ṣáà ti bà lé ẹnu yẹn, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Elégédé pín akọ àti abo sínú òdòdó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fanílà kò pín wọn. Inú òdòdó kan náà ni wọ́n wà, orí ọ̀pá kékeré kan náà pàápàá. Ewé mẹ́fà ló yí wọn ká, aláwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ máa dà bí ewé tútù. Mẹ́ta wà lóde, mẹ́ta wà nínú. Ọ̀kan nínú àwọn ti inú yìí ká bí àrọ, ó sì yí ọ̀pá náà mọ́ra. Lẹ́búlẹ́bú wà lókè ọ̀pá, ó dì mọ́ra wọn, afẹ́fẹ́ ò lè gbé e. Ẹnu abo wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, kò jìnnà rárá.

Ṣùgbọ́n wọn kì í pàdé! Awọ tín-ín-rín kan ló dábùú àárín wọn, bí aṣọ ìkélé tí wọ́n ta sáàárín yàrá kan, tí ọkọ wà lápá kan, tí ìyàwó wà lápá kejì. Iṣẹ́ awọ yìí ni pé kó má jẹ́ kí òdòdó fẹ́ ara rẹ̀. Ní Mexico, oyin ilẹ̀ ibẹ̀ ló ń wọlé tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú ọ̀kan dé ẹnu òmíràn. Réunion ò ní irú oyin bẹ́ẹ̀. Òdòdó náà kò sì ní sùúrù. Ìdájí ló ń là, kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kú. Wákàtí mélòó kan péré ni gbogbo ayé rẹ̀.

Ọdún 1841 ló ṣẹlẹ̀. Ferréol ń rìn lọ nínú ọgbà, Edmond ń tẹ̀ lé e, ló bá rí èso méjì lórí ìtàkùn tí kò so láti bí 20 ọdún. Ó dúró. Ọmọ náà sọ fún un pé òun lòun ṣe é. Ferréol ò gbà á gbọ́. Ta ló máa gbà? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní ọgbà ìjọba ò rí i ṣe ní erékùṣù yẹn, ọmọ ẹrú tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì wá ní òun ti ṣe é. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó tún rí èso mìíràn. Ó ní kí ọmọ náà wá ṣe é lójú òun.

Ohun tí Edmond ṣe kò gba ìṣẹ́jú. Ó di òdòdó mú, ó fa ewé tó ká bí àrọ yẹn wálẹ̀ kí ọ̀pá inú rẹ̀ lè hàn. Ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi gbé awọ tín-ín-rín yẹn sókè. Nígbà tí ìkélé ti ká, ó fi àtàǹpàkò rọra tẹ lẹ́búlẹ́bú mọ́ ẹnu abo. Ó parí. Títí dòní olónìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lóko fanílà káàkiri ayé, ọwọ́ tó bá sì ti mọ́ ọn lára lè ṣe òdòdó tó ju 1,000 lọ lójúmọ́. Àwọn ará Réunion ní orúkọ fún un. Ìṣe ọwọ́ Edmond ni wọ́n ń pè é.

Ká má purọ́, òun kọ́ ló kọ́kọ́ mú fanílà so lẹ́yìn Mexico. Charles Morren ti ṣe é ní Liège, ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní 1836. Neumann náà ṣe é ní Paris ní 1838. Ṣùgbọ́n inú ilé gíláàsì ni wọ́n ti ṣe tiwọn, ó ṣòro, ó ń gba àkókò, kò sì di iṣẹ́ àgbẹ̀. Edmond ò gbọ́ nípa wọn rí. Elégédé ló wò, ó sì bi ara rẹ̀ pé níbo ni akọ òdòdó yìí wà, níbo ni abo rẹ̀ wà, kí ló dí wọn lọ́nà. Lójú tèmi o, ìbéèrè mẹ́ta yẹn ló ju igi tẹ́ẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ìdí tí ìyára ọwọ́ fi ṣe pàtàkì wà nínú bí fanílà ṣe ń tò òdòdó rẹ̀. Kò sí ohun ọ̀gbìn tí kò ní ètò tiẹ̀. Àgbàdo gbé akọ rẹ̀ sórí téńté, ó fi abo sí ẹ̀gbẹ́. Irun tó ń yọ lẹ́nu ṣírí àgbàdo yẹn, abo ni, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ló ní hóró tirẹ̀. Sunflower tẹ́ ẹ rò pé òdòdó kan ni, àìmọye òdòdó wẹ́wẹ́ ló jókòó pọ̀ sórí àwo kan. Ti máńgòrò ń yẹ̀ka, ẹ̀ka tún ń yẹ̀ka. Fanílà ń yọ ṣírí tiẹ̀ láti abẹ́ ewé: ẹ̀ka kan ṣoṣo, òdòdó bíi 15 sí 20 tò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti ìdí ló ń kọ́kọ́ là, ó ń gòkè lọ, bí ọ̀kan, bóyá méjì, lójúmọ́. Àgbẹ̀ ò lè ní òun á wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àràárọ̀ ló gbọ́dọ̀ débẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, torí òdòdó tó bá fojú fò lónìí ti lọ nìyẹn.

Kí ló wá ń jí òdòdó? Ẹ̀yin náà ẹ wo máńgòrò àdúgbò yín. Gbogbo òjò ló fi ń yọ ewé. Tí ọyẹ́ bá ti dé, tí ilẹ̀ gbẹ, tí òru tutù, ẹ ó kàn jí lọ́jọ́ kan tí orí igi ti pupa rúsúrúsú. Àwọn ohun ọ̀gbìn mìíràn wà tó jẹ́ pé gígùn òru ni wọ́n ń wọ̀n kí wọ́n tó tanná. Ti fanílà jọ ti máńgòrò. Tí òtútù àti ọ̀dá bá dá ìdàgbà rẹ̀ dúró díẹ̀, ìtàkùn tó ti pé bí ọdún mẹ́ta á ronú òdòdó. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ kó máa gun igi lọ sókè, ìrìn-àjò ló ń bá kiri. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kó rọ̀ dirodiro, tí wọ́n sì ń gé ṣóńṣó orí rẹ̀ kó tó di àsìkò. Ní Réunion, láti bí oṣù kẹsàn-án títí dé ìparí ọdún ni òdòdó ń jáde. Èso tó bá sì mú, oṣù mẹ́sàn-án ni, bí oyún.

Ìròyìn ohun tí Edmond ṣe tàn ká. Àwọn olóko mìíràn ń ránṣẹ́ pè é, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gbé e kiri kó lè kọ́ àwọn ẹrú tiwọn. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ ọdún 12 ń kọ́ àgbà, tó bá sì parí, wọ́n á dá a padà fún ẹni tó ni ín. Kò gba kọ́bọ̀. Ní 1848, nǹkan bí 50 kílò fanílà ni Réunion fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé. Ní 1858, ó ti di tọ́ọ̀nù méjì. Ní 1867, ó tó 20. Ní 1898, ó ti di 200. Erékùṣù tí kò ní èso kan ṣoṣo ti wá fi Mexico sẹ́yìn.

Ọdún 1848 yẹn náà ni òmìnira dé. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ni wọ́n kéde rẹ̀ ní Réunion, àwọn tó gba òmìnira sì lé ní 60,000. Ní àkókò yẹn ni Edmond di ọmọ ara rẹ̀, tí wọ́n sì fún un ní orúkọ ìdílé fún ìgbà àkọ́kọ́: Albius. Látinú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí funfun ni wọ́n ti mú un. Òdòdó fanílà kò funfun, Edmond náà kò funfun. Ẹ bá mi rò ó.

Ó fi oko sílẹ̀, ó lọ wá iṣẹ́ sí Saint-Denis, olú ìlú erékùṣù náà. Nínú ilé ìdáná ẹlòmíràn ló ti ríṣẹ́. Kò pẹ́, wọ́n fi ẹ̀sùn olè kàn án, ọ̀rọ̀ ohun ọ̀ṣọ́, ilé ẹjọ́ sì jù ú sẹ́wọ̀n pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára. Ọkùnrin kan tó jẹ́ adájọ́ ní Sainte-Suzanne, Mézières Lépervanche, ló kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún un. Ó rán ìjọba létí pé ọwọ́ ẹlẹ́wọ̀n yìí ni ọrọ̀ erékùṣù ti jáde. Wọ́n dín ọdún rẹ̀ kù, wọ́n fi í sílẹ̀. Ó padà sí Sainte-Suzanne, nítòsí oko tó ti dàgbà.

Ibi tí inú ti bí mi jù nìyí. Nígbà tí owó ti ń wọlé, Jean Michel Claude Richard, ẹni tó ti ń bójú tó ọgbà ìjọba ní Saint-Denis, ní òun lòun mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní òun ti wá fi han àwọn èèyàn kan ní erékùṣù náà ní 1838, ó ní bóyá ibẹ̀ ni ọmọ náà ti jí i wò. Ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n aláwọ̀ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ti ṣẹrú, tó tún ti ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tí ayé máa gbà gbọ́.

Ferréol ló dìde. Ó kọ̀wé sí Volcy-Focard, ẹni tó ń kọ ìtàn erékùṣù náà sílẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ti pẹ́ ni Richard, òun ò sì fẹ́ bà á nínú jẹ́, ṣùgbọ́n òun jẹ Edmond ní gbèsè. Ó bi wọ́n pé tó bá jẹ́ pé Richard ti kọ́ àwọn èèyàn lóòótọ́, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò mú fanílà so títí di 1841, kí ló dé tí àwọn olóko fi ń ránṣẹ́ pe ọmọ kékeré? Lẹ́tà yẹn ló gba orúkọ Edmond là. Mo yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan náà yìí ni ọmọ náà ṣẹrú fún fún ọdún méje lẹ́yìn tó ti ṣe iṣẹ́ ìyanu yẹn. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ní 1863, ayàwòrán Antoine Roussin ya Edmond, ẹ̀ka fanílà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán yẹn la fi mọ ojú rẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn ìgbà náà, fanílà tún kọjá lọ sí Madagascar, ibẹ̀ ló sì ti ń jáde jù lágbàáyé báyìí. Tẹ́ ẹ bá rí ìgò tí wọ́n kọ Bourbon sí lára, orúkọ àtijọ́ erékùṣù yẹn ni.

Ferréol bẹ ìjọba erékùṣù náà pé kí wọ́n máa fún Edmond ní owó ìrànwọ́ díẹ̀. Wọn ò dáhùn. Ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, ọdún 1880 ni Edmond Albius kú ní ilé ìwòsàn ní Sainte-Suzanne, ẹni ọdún 51, nínú òṣì. Oṣù kẹjọ ni, ìgbà òtútù ṣì ni lọ́hùn-ún. Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí fanílà tún bẹ̀rẹ̀ sí í tanná.